Iṣu Méje Tí A Kò Wọ̀n

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ti ń rẹ ènìyàn, kí ó lọ máa fi koríko bo ọgọ́rùn-ún ebè lọ́dún mẹ́ta léra wọn, kí àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà Iyamoye sì máa bi í pé ṣé kò sí ọkọ́ nílé rẹ̀ ni. Ó rẹ̀ mí. N kò ní purọ́. Theresa lorúkọ mi, ìyàwó Fọlọ́runṣọ́ ni mí. Ọdún márùnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ níwèé ní Kábà, nígbà tí mo sì fẹ̀yìn tì, tí mo rò pé n óò wá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, oko ni mo bá ara mi.

Oko ọkọ mi ni. Iyè rẹ̀ ti ń lọ láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ó lè jẹun tán kó ní ebi ń pa òun. Ó lè pè mí ní orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, kó sì máa bi mí léèrè ìgbà tí mo dé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé oko, ọkọ mi á padà wá. Á mọ ọkọ́ mú, á mọ ibi tí ilẹ̀ gbé rọ̀, nígbà mìíràn á sì pe orúkọ mi. Nítorí ìgbà mìíràn yẹn ni n kò fi jẹ́ kí wọ́n gba oko náà.

Ẹni tó fẹ́ gbà á kì í ṣe ọ̀tá o. Ọláníran, àbúrò ọkọ mi ni. Bàbá Lọ́kọ́ja ni àwa ìyàwó ilé ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rí bó ṣe rí, òun ni olórí ẹbí. Àwọn kan tó ń fi katakátá gbin ẹ̀gẹ́ wá bá a pé àwọn fẹ́ ilẹ̀ náà, ó sì pe ìpàdé. Ó ní ilẹ̀ náà ti gbó, pé iṣu tí à ń wà níbẹ̀ kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ, pé kí la wá ń fi ṣe. Òótọ́ ló sọ. Iṣu wa nígbà náà, bí ènìyàn bá gbé e lọ kí àna, àna á rò pé ó wá bú òun ni.

Ọdún yẹn gan-an ni Rachel dé. Ọmọbìnrin kan tó ń bá àwọn oníwàádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún, ẹrẹ̀ kì í kúrò lára bàtà rẹ̀. Ó ń wá àgbẹ̀ mẹ́wàá tí yóò ṣe ìdánwò náà fúnra wọn, lórí ilẹ̀ wọn, pẹ̀lú ọwọ́ wọn. Ó ti rí ti Iffe, ó ti rí ti Iyamoye, ó tilẹ̀ ti rí ẹnì kan ní Ẹ̀júkù lọ́hùn-ún. Ọgọ́rùn-ún ebè ni a óò fi koríko gbígbẹ àti ewé àgúnmániyè bò, a kò gbọ́dọ̀ finá sí i, a kò gbọ́dọ̀ fín oògùn sí i. Ọgọ́rùn-ún ebè kejì, kí a ṣe é bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kí a sun ún, kí a fín oògùn apakoríko. Irú iṣu kan náà la óò gbìn sí méjèèjì, gàḿbàrí, lọ́jọ́ kan náà. Èyí àkọ́kọ́ ló pè ní ibi koríko, ó pe èkejì ní ibi àtijọ́. Mo bi í pé àtijọ́ ta ni. Bàbá mi kò fojú kan oògùn apakoríko títí ó fi wọ ilẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé ẹbí. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n tún ilẹ̀ náà ṣe. Bàbá Lọ́kọ́ja ló dá mi lóhùn.

Ó ní, “Ìyá Praise, èmi ò bá yín jà. Ẹ gba ọdún mẹ́ta. Lọ́dún kẹta, ìṣojú mi ni wọ́n á ti wọn ọgọ́rùn-ún ebè yìí àti ọgọ́rùn-ún ebè yẹn. Tí ti koríko bá fi kílò kan ṣoṣo ju èkejì lọ, a jẹ́ pé ilẹ̀ náà ṣì lẹ́mìí, ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n mi ẹ máa ro ó títí ọjọ́ ayé yín. Tí kò bá jù ú lọ, ẹ má bínú, àwọn oní-katakátá á wọlé.”

Mo ní mo gbà. Àwọn ará ilé ní àwọn gbọ́.

Lọ́dún kìíní, ikán fi koríko mi ṣe àsè. Ibi àtijọ́ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún kejì, ó kù díẹ̀ kí méjèèjì dọ́gba. Ẹ̀yìn mi ti ń dun mí nígbà náà débi pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀ gé koríko, mo ní láti di igi mú kí n tó lè nàró. Praise ọmọ wa máa ń pè láti Àbújá pé, “Mọ́mì, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀.” Mo máa ń dá a lóhùn pé mo ti gbọ́, màá sì tún mú àdá.

Lọ́dún kẹta ni òjò wá já wa kulẹ̀. Odindi oṣù kan gbáko, láàárín ìgbà tó yẹ kí iṣu máa ta, òjò kò rọ̀. Ibi àtijọ́ gbẹ, ewé rẹ̀ ń pọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ koríko ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ọ̀rinrin wà níbẹ̀. Nígbà tí oṣù kọkànlá fi máa wọlé, àwọn ebè ibi koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, iṣu ń ti ilẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Èmi tí n kì í yára dúpẹ́, mo dúpẹ́. Mo sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n so ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀. Mo sọ fún àwọn ará ọ̀nà kí wọ́n bá mi ṣọ́ olè. Mo sọ fún àwọn tó ń wá kí wa pé iṣu tó wà láàárín èèkàn pupa tí Rachel fi pààlà ìdánwò yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án kó tó wọ̀n ọ́n. Mo rò pé mo ti sọ fún gbogbo ẹni tó yẹ kí n sọ fún. A kì í mọ̀-ọ́n-gún mọ̀-ọ́n-tẹ̀, kí iyán ewùrà má lẹ́mọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni a fi iṣu wíwà sí. Rachel gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ kọ́ sórí igi. Bàbá Lọ́kọ́ja gbé àga wá láti inú mọ́tò rẹ̀, ó jókòó lẹ́bàá rẹ̀ bí alága ìdìbò. Ọkọ mi wà lábẹ́ igi irúgbá, ó ń so okùn iṣu mọ́ ara wọn, inú rẹ̀ dùn. Ibi àtijọ́ la kọ́kọ́ wà. Igba kílò ó lé mẹ́rìnlá. Bàbá Lọ́kọ́ja tún un kà fúnra rẹ̀, ó ní ó dáa.

A bọ́ sí ibi koríko. Ìlà kìíní, iṣu ńlá. Ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Nínú ìlà kẹta ni ọ̀kan lára àwọn tó ń wà á ti la ebè kan, tí ó sì nàró tó ń wò mí. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó la ìkejì, òfìfo. Nígbà tí a fi máa parí, ebè méje ló jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ lára èyí tó sán jù.

Bàbá Lọ́kọ́ja ní, “Olè ti ṣe wá.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo àwọn ebè náà. Olè kì í wa iṣu tán kó tún ebè dì. Ebè méje wọ̀nyí, wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ padà sí wọn, wọ́n ti da koríko bò wọ́n dáadáa, wọ́n sì ti fi gìgísẹ̀ tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń fi gìgísẹ̀ tẹ ebè lẹ́yìn tó bá wa iṣu inú rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Mo rìn lọ bá a lábẹ́ igi.

Mo ní, “Bàbá Praise, iṣu inú ebè méje wọ̀nyẹn ńkọ́?”

Ó gbójú sókè, ó wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Ó ní, “Ti Olúwa ni. Mo ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àbí ìwọ náà ti gbàgbé pé Ìkórè dé ni?”

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Nínú ilé wọn, láti orí bàbá wọn, ẹnikẹ́ni kì í fi iṣu tuntun kan ẹnu kí àkọ́so tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í sì í ṣe iṣu lásán. Ebè tó bá sán jù lóko, ti Olúwa ni. Fún ogójì ọdún, ọkọ mi máa ń rìn yí oko po, á máa fi ojú yan án. Lọ́dún méjì àkọ́kọ́ tí a fi ṣe ìdánwò yìí, òun kò bèèrè, èmi ni mo sì ń mú àkọ́so láti ẹ̀yìn oko lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí èèkàn. Mo rò pé ó ti gbàgbé. Gbogbo nǹkan ló ti gbàgbé, ta ni yóò rò pé èyí ṣẹ́kù? Ọjọ́rú tí mo lọ gba oògùn rẹ̀ ní ọsibítù, tí mo ní kí aládùúgbò bá mi máa wò ó, ọkùnrin tí kò mọ ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ rìn dé oko, ó wa iṣu méje, ó dá ọlọ́kadà dúró, ó ní kó gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìbínú kọ́kọ́ ru lọ́kàn mi. Mo fẹ́ pariwo lé e lórí. Mo wo ojú rẹ̀, agbára ìbínú náà kò sí lára mi. Mo kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀, mo sì sọ ibi tí iṣu náà wà fún àwọn yòókù.

Rachel wọn ìyókù. Igba kílò dín mẹ́rin. Ó gbé ìwé rẹ̀ tọ Bàbá Lọ́kọ́ja lọ, ó ń ṣàlàyé pé níbi iṣẹ́ tàwọn, bí ebè kan bá sọnù, iye ebè tí a wà ni àwọn máa ń pín kílò rẹ̀ sí, kí àwọn tó mọ èyí tó ju èkejì lọ.

Bàbá Lọ́kọ́ja ní, “Ọmọ mi, mi ò mọ pípín. Ọgọ́rùn-ún àti ọgọ́rùn-ún la sọ níwájú ẹbí. Iṣu tí mi ò rí, báwo ni màá ṣe pín in?”

“Ẹ jẹ́ ká lọ wọ̀n ọ́n nígbà náà, sà. Wọn ò tíì ta á, ọ̀túnla ni Ìkórè. Tí Mọ́mì bá lè fi iṣu náà hàn mí, tí wọ́n sì fọwọ́ sí i, màá kọ ọ́ sílẹ̀.”

Ó ronú sí i. “Ìyẹn dáa. Èmi náà gba ìyẹn.”

A wọ mọ́tò rẹ̀ lọ, ọkọ mi náà bá wa lọ. James tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó kí mi bí a ti ń kí ara wa ní Kábà, “Okun o, Mọ́mì.” Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó yọ fìlà, ó ń ha orí. Ó ní ọrẹ tó bá ti wọlé ti di ti Olúwa, orúkọ ẹnì kankan kò sí lára rẹ̀ mọ́. Ó ní a lè wọ̀n ọ́n, a kò lè gbé e jáde. Ó mú wa lọ sí ẹ̀yìn pẹpẹ. Gbogbo iṣu ìjọ ni wọ́n ti dà jọ síbẹ̀, ó ga tó ìbàdí mi.

Ẹ̀rù bà mí. Iṣu kò ní ilà lójú. Gàḿbàrí ni ìdajì Kábà ń gbìn, n kò lè mọ tèmi láàárín wọn. Níbi tí mo ti ń ro èyí ni ọkọ mi ti kúnlẹ̀ níwájú iṣu náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ ra wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wá ọmọ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ tó sùn sórí ẹní. Ó fa ọ̀kan yọ. Ó ní, “Èyí ni mo kọ́kọ́ wà. Òkúta kan ló jẹ́ kó tẹ̀ nídìí.” Lóòótọ́ ó tẹ̀ nídìí. Ó fa òmíràn. Ó sọ ibi tí ó wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, n kò sì mọ̀ títí James fi fún mi ní áńkáṣíìfù. Ọkọ mi kò tíì sọ̀rọ̀ tó gún régé tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Iṣu márùn-ún ló mú bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró díẹ̀, ó wá nawọ́ gbé ẹ̀kẹfà àti èkeje láti ẹ̀yìn, ńlá méjì, ó gbé wọn tì wọ́n. Ó ní ó pé.

Rachel so wọ́n mọ́ òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rìnlélógún. Ó rò ó pọ̀, igba ó lé ogún. Bàbá Lọ́kọ́ja mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tọkàntọkàn. Ó ní, “Ó ti jù ú lọ. Ìyá Praise, ẹ ti borí. Màá sọ fún àwọn yẹn kí wọ́n wá ilẹ̀ síbòmíràn.”

Èfùrù ni méjì tó gbẹ̀yìn, kì í ṣe gàḿbàrí.

Mo ti rí i láti ìgbà tí ó ti gbé wọn. A kò gbin èfùrù sí oko yẹn rí láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn. Bàbá ọkọ mi ló máa ń gbìn ín nígbà ayé rẹ̀. Bóyá ti bàbá rẹ̀ ló wà lọ́kàn ọkọ mi nígbà tó nawọ́, n kò mọ̀. Bàbá Lọ́kọ́ja kò mọ èfùrù yàtọ̀ sí gàḿbàrí, inú ọ́fíìsì ló ti darúgbó. James kò wo ibẹ̀. Rachel nìkan ló mọ̀. Ó na ìwé sí mi kí n fọwọ́ sí i, ó sì na bíró, ojú rẹ̀ kò kúrò lójú mi.

Mo gba bíró náà. N kò ní ṣe bí ẹni mímọ́ fún yín. Mo fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo ti gbé bíró lé ìwé. Mo ní nínú ara mi pé, bẹ́ẹ̀ ni iṣu wa méjì wà nínú òkìtì yìí ní tòótọ́, bí wọ́n bá sì fi lè wọn kílò méjì méjì péré, a ti borí náà nìyẹn, irọ́ wo ló wá kù níbẹ̀? Mo ní ta ni yóò jìyà rẹ̀? Ṣùgbọ́n iṣu ẹlòmíràn ni. Ẹnì kan ti wà á, ó ti rù ú wá, ó ti fi í fún Ọlọ́run, èmi sì dúró lẹ́yìn pẹpẹ, mo fẹ́ fi í gba ilẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́sàn-án yòókù pẹ̀lú, ọwọ́ mi tí mo bá fi sí i ni wọn yóò gbára lé.

Mo ní, “Méjì yìí kì í ṣe tiwa. Èfùrù ni.”

Ojú Bàbá Lọ́kọ́ja yí padà. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ló sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ló dìde láti ibi tó kúnlẹ̀ sí.

Ó ní, “Ta ló ní kì í ṣe tiwa?”

“Bàbá Praise, ẹ jọ̀ọ́.”

“Theresa.” Orúkọ mi ló pè yẹn, kedere, níwájú gbogbo wọn. Kò pè é láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. “Theresa, o wá ń sọ fún àwọn èèyàn pé mi ò mọ iṣu mi?”

Bí wọ́n bá gún mi lọ́bẹ, ó sàn. N kò lè sọ pé ó mọ̀ ọ́n, n kò sì lè tún un sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Mo di apá rẹ̀ mú. Ó já a gbà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́, ó kẹ̀yìn sí wa.

Èmi àti James tú òkìtì yẹn títí. Gàḿbàrí wà níbẹ̀ lọ títí, n kò rí méjì tí mo lè búra lé lórí. Rachel yọ kílò mẹ́sàn-án ti èfùrù méjì náà kúrò. Igba ó lé mọ́kànlá. Kílò mẹ́ta ló kù kí a bá ibi àtijọ́ dọ́gba.

Bàbá Lọ́kọ́ja bá mi jáde sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ẹ ò bá má sọ. Mi ò bá má mọ̀.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò bá má mọ̀.”

“Níwájú ẹbí la ti sọ ọ́. Tí mo bá yẹ̀ ẹ́ báyìí, wọ́n á ní nítorí ẹ̀gbọ́n mi ni.” Ó nu ojú rẹ̀. “Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á kó katakátá wá. Ẹ má bínú sí mi.”

Mo ní n kò bínú. Ìbínú náà ń fẹ́ agbára, n kò ní in. Rachel wá bá mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní nínú ìwé tàwọn, bí àwọn bá pín kílò náà sí iye ebè tí a rí iṣu wọn, ibi koríko ló borí, pé àwọn ará Iffe àti Iyamoye yóò máa fi tiwa ṣe ẹ̀rí, pé gbogbo wọn ni yóò bo ebè wọn lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ní kó bá mi kí wọn. Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n tètè máa gé koríko, kó tó jóná.

Ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ó jẹun, ó sùn. N kò mọ bí èmi ṣe sùn.

Nígbà tí mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí lórí ibùsùn. Mo sáré jáde. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ ẹ̀wù oko, ọkọ́ wà lórí itan rẹ̀. Kò rántí ìjà kankan mọ́. Ó ní ilẹ̀ ti ń gbẹ, pé bí a kò bá tètè kọ ebè ọdún tó ń bọ̀, a kò ní rí i kọ mọ́, pé òun ti ń dúró dè mí láti àárọ̀.

Mo wọlé, mo mú ọkọ́ tèmi. A rìn lọ sí oko, a sì kọ ebè títí oòrùn fi mú. Ebè mẹ́rìnlá la kọ. Ó rìn yí wọn po, ó ní wọ́n dára, ó ní kí n lọ gé koríko wá kí a fi bò wọ́n, mo sì lọ gé e.